Bí omi adágún ẹja bá di àwọ̀ ewé: kí olówò mọ ohun tó rí kó tó da oògùn sí i

Ọ̀pọ̀ olówò ẹja àrọ̀ ló mọ iye tí wọ́n ń ta àpò oúnjẹ ẹja, wọ́n sì mọ iye tí oníbàárà máa san lórí kílò kan. Ṣùgbọ́n bí omi inú adágún wọn bá yí àwọ̀ padà, tó ṣú bí ọbẹ̀ ewédú, ìpinnu tí wọ́n bá ṣe láàárọ̀ ọjọ́ náà lè gbé èrè oṣù mẹ́fà lọ. Àwọn kan á fojú fò ó, wọ́n á ní àwọ̀ lásán ni. Àwọn mìíràn á sáré lọ sí ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń ta oògùn àgbẹ̀, wọ́n á ra èyí tí wọ́n bá nà sí wọn, wọ́n á sì dà á sómi. Méjèèjì ló lè pa ẹja.

Ohun tó ń sọ omi di àwọ̀ ewé bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń pè ní algae. Ó jọ ewéko, àmọ́ èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ kéré débi pé ojú lásán kò lè rí i lọ́kọ̀ọ̀kan. Kò sẹ́ni tó ń gbìn ín. Afẹ́fẹ́ ń gbé e wá, ẹyẹ ń gbé e wá, àwọ̀n tí wọ́n yá lọ́wọ́ aládùúgbò ń gbé e wá, omi tí wọ́n fi kó ọmọ ẹja wá náà kò gbẹ́yìn. Bó bá ti rí oòrùn, tó sì rí oúnjẹ, ó ti délé nìyẹn.

Kì í ṣe ọ̀tá láti ìbẹ̀rẹ̀. Omi tí àwọ̀ ewé rẹ̀ fẹ́ẹ́rẹ́ dára fún ẹja ju omi tó mọ́ gaara bí èyí tó wà nínú ife lọ. Lójú ọ̀sán, algae máa ń tú afẹ́fẹ́ ọ́síjìn sínú omi, ó sì máa ń jẹ lára amóníà tó ń jáde láti ara ẹja. Àwọn kòkòrò tíntìntín tí ọmọ ẹja ń jẹ, òun ni wọ́n ń jẹ dàgbà. Ìdí nìyẹn tí àwọn tó gbẹ́ adágún sílẹ̀ amọ̀ fi máa ń da ìgbẹ́ ẹran sí i kí wọ́n tó kó ọmọ ẹja sínú rẹ̀. Ẹni tó bá rí àwọ̀ ewé fẹ́ẹ́rẹ́ tó wá ń fọ adágún lójoojúmọ́, ó ń fi owó omi àti owó epo jẹnẹrétọ̀ ṣòfò ni.

Ìgbà tó bá pọ̀ jù ni wàhálà bẹ̀rẹ̀. Ọ́síjìn tí algae ń tú síta lọ́sàn-án, òun fúnra rẹ̀ ló tún máa ń fà á lóru, nígbà tí kò sí oòrùn. Ẹja náà ń fà á, ẹrẹ̀ ìsàlẹ̀ adágún náà ń fà á. Tó bá fi máa di agogo márùn-ún ìdájí, ọ́síjìn inú omi lè ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán pátápátá. Ẹja àrọ̀ tó ti dàgbà lè yọrí síta kó mí afẹ́fẹ́ òkè, nítorí Ọlọ́run dá ẹ̀yà ara kan mọ́ ọn tó fi ń ṣe bẹ́ẹ̀. Àmọ́ ọmọ ẹja àrọ̀ tó ṣì kéré gan-an kò tíì ní ẹ̀yà ara náà, ẹja epìyà kò sì ní in títí ayé. Àwọn wọ̀nyí ló máa ń léfòó lókùú láàárọ̀, tí olówò á sì máa sọ pé ara wọn le kí òun tó lọ sùn.

Ewu kejì kì í ṣe ti òru, ti ọ̀sán ni. Bí algae bá ti pọ̀, pH omi máa ń ga sókè lọ́sàn-án gan-an, ó sì lè kọjá 9. Amóníà tó wà nínú omi máa ń lóró sí i bí pH bá ṣe ń ga. Nínú omi tí ìgbóná rẹ̀ jẹ́ 28 lórí ìwọ̀n Celsius, bí pH bá jẹ́ 7, èyí tó lóró nínú amóníà náà kò tó ìdá 1 nínú 100. Bí pH bá di 9, ó ti tó nǹkan bí ìdá 40 nínú 100. Amóníà kò pọ̀ sí i, ẹja kò pọ̀ sí i, omi kan náà ni, síbẹ̀ ohun tí kò ṣe ẹja ní nǹkan láàárọ̀ lè máa jó o ní màlúù nírọ̀lẹ́. Ẹni tó ń wọn pH lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo lóòjọ́ kò tíì wọn nǹkan kan. Ìdájí àti agogo mẹ́ta ọ̀sán ni kó máa wọ̀n ọ́n.

Báwo ni olówò á ṣe mọ̀ pé algae ti pọ̀ jù? Ohun èlò kan wà tí àwọn onímọ̀ omi ti ń lò láti ọdún 1865, nígbà tí àlùfáà ìjọ Àgùdà kan ní Ítálì, Angelo Secchi, bẹ̀rẹ̀ sí í fi wo bí omi òkun ṣe mọ́ tó. Àwo pẹlẹbẹ ni, wọ́n sì ń so ó mọ́ okùn jù sómi. Irú èyí tí wọ́n ń lò fún adágún fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 20, wọ́n kùn ún ní dúdú àti funfun. Kò yẹ kí ẹnikẹ́ni ná owó lé e lórí. Ìdérí ike ọ̀dà, òkúta tó máa jẹ́ kó rì, àti okùn tí wọ́n ta ní kókó ní gbogbo sẹ̀ǹtímítà 10, ó ti tó. Kí olówò rọra ju àwo náà sómi nígbà tí oòrùn bá ti yọ dáadáa, kó wo ibi tí ojú rẹ̀ kò ti rí i mọ́. Bó bá jẹ́ láàárín sẹ̀ǹtímítà 30 sí 45, omi náà dára. Bí kò bá tó 20, kó yáa múra. Ẹni tí kò ní ìdérí ike lè na ọwọ́ rẹ̀ sómi: bí àtẹ́lẹwọ́ bá ti pòórá kí omi tó dé ìdajì apá tó wà láàárín ọrùn ọwọ́ àti ìgúnpá, algae ti pọ̀ jù. Ohun kan ṣoṣo tó lè tan èèyàn jẹ níbẹ̀ ni ẹrẹ̀. Bí omi bá pọ́n bí amọ̀, ilẹ̀ ló dà á rú, kì í ṣe algae.

Lẹ́yìn èyí ló kan kí wọ́n mọ irú èyí tí wọ́n ń bá wọ̀yá ìjà. Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà, nítorí pé ohun gbogbo tó bá ti ní àwọ̀ ewé lójú omi ni wọ́n ń pè ní orúkọ kan náà. Ojú oró àti òṣíbàtà kì í ṣe algae, ewéko tó ní gbòǹgbò ni wọ́n, bẹ́ẹ̀ náà sì ni àwọn ewé kéékèèké tó máa ń bo ojú omi bí ẹní, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn kò ju orí ìṣó lọ. Àwọ̀n ni wọ́n fi ń kó ìyẹn kúrò, pẹ́pẹ́yẹ sì fẹ́ràn láti máa jẹ ẹ́. Oògùn kò kàn án rárá.

Igi gbọọrọ kan lè ṣe ìdájọ́ àkọ́kọ́. Kí wọ́n kì í bọ ohun tó léfòó náà, kí wọ́n sì gbé e sókè. Bó bá rọ̀ mọ́ igi bí irun tí omi rẹ, tó ń yọ̀ lọ́wọ́ bí ilá, algae onírun nìyẹn. Ìsàlẹ̀ adágún ló ti máa ń bẹ̀rẹ̀ kó tó léfòó wá sókè. Kò ní oró, àmọ́ ó máa ń dí ẹnu páìpù, ó sì máa ń lọ́ mọ́ àwọ̀n nígbà tí wọ́n bá ń kó ẹja. Ọwọ́ àti ọ̀pá tó ní ẹ̀gún ni wọ́n fi ń fà á jáde, díẹ̀díẹ̀. Ṣùgbọ́n bí igi náà bá jáde tó dà bí èyí tí wọ́n tì bọ inú ọ̀dà, tí ohun àwọ̀ ewé tàbí àwọ̀ aró lẹ̀ mọ́ ọn láìsí okùn kankan, kí olówò dúró níbẹ̀. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ irú èyí tí àwọn onímọ̀ ń pè ní cyanobacteria, òun sì ni olórí ọ̀ràn.

Ìdánwò kejì kò gba ju ìgò kan lọ. Kí wọ́n wọ ìbọ̀wọ́, kí wọ́n bu omi adágún náà sínú ìgò tó mọ́lẹ̀ kedere títí tó fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kún, kí wọ́n dé e, kí wọ́n gbé e síbi tó tutù, tó ṣókùnkùn, tí ẹnikẹ́ni kò ní mì ín, kó sì sùn mọ́jú. Bí ohun àwọ̀ ewé náà bá rọ̀ sísàlẹ̀ ìgò lọ́jọ́ kejì, algae lásán ló sábà máa ń jẹ́. Bó bá kóra jọ sókè bí ọ̀rá orí ọbẹ̀, cyanobacteria ni kí wọ́n kọ́kọ́ fura sí, nítorí pé púpọ̀ nínú wọn ní afẹ́fẹ́ nínú tó ń gbé wọn léfòó. Ìdánwò yìí kì í ṣe ìdájọ́ ìkẹyìn, torí kì í ṣe gbogbo wọn ló ń léfòó, ṣùgbọ́n ó sàn ju àbá lọ.

Àwọ̀ pupa náà wà. Ohun kan wà tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Euglena, èyí tó máa ń tẹ́ pẹrẹsẹ lójú omi bí ẹ̀jẹ̀ nígbà tí oòrùn bá mú, tí á sì tún padà sí àwọ̀ ewé tó bá di ìrọ̀lẹ́. Irú rẹ̀ kan lè pa ẹja. Kí olówò tó rí i lọ́sàn-án tó máa fura sí aládùúgbò pé ó da nǹkan sómi òun, kó padà lọ wò ó nígbà tí oòrùn bá ti wọ̀.

Kí ló dé tí cyanobacteria fi yàtọ̀? Àwọn kan nínú wọn ní májèlé tó ń ba ẹ̀dọ̀ jẹ́. Lọ́dún 1996, ní ìlú Caruaru ní ìpínlẹ̀ Pernambuco lórílẹ̀-èdè Brazil, wọ́n lo omi adágún ìjọba tí irú nǹkan yìí ti hù sí, tí wọn kò tọ́jú dáadáa, fún àwọn aláìsàn kíndìnrín tí ẹ̀rọ ń fọ ẹ̀jẹ̀ wọn. Ó lé ní 50 èèyàn tó kú. Ọ̀nà tó gbà wọ ara wọn kì í ṣe ẹnu, inú ẹ̀jẹ̀ wọn gan-an ló wọ̀ lọ, torí náà kò túmọ̀ sí pé ẹni tó bá jẹ ẹja máa kú. Ṣùgbọ́n inú ẹ̀dọ̀ àti ìfun ẹja ni májèlé náà máa ń kóra jọ sí jù, kò sì yẹ kí ẹni tó ń ta ẹja inú irú omi bẹ́ẹ̀ fún ilé oúnjẹ jẹ́ kí wọ́n sè é pẹ̀lú ìfun.

Ohun tó ń pa olówò lára lọ́pọ̀ ìgbà kì í ṣe májèlé yìí, adùn ẹja ni. Cyanobacteria kan máa ń tú ohun kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ geosmin sínú omi. Òórùn rẹ̀ kò ṣàjèjì sí ẹnikẹ́ni: òun wà lára ohun tí imú máa ń gbọ́ látara ilẹ̀ nígbà tí òjò àkọ́rọ̀ bá rọ̀. Lórí ilẹ̀, ó dùn ún gbọ́. Nínú ẹran ẹja, ó ń rùn bí ẹrẹ̀. Ara ẹja ló máa ń fà á mu, pàápàá ibi tí ọ̀rá wà, ìwọ̀n tó kéré jọjọ sì ti tó fún ahọ́n èèyàn láti mọ̀. Àwọn onílé oúnjẹ tó ń ta point and kill kì í bá olówò jiyàn lórí èyí. Wọn kàn kò ní padà wá ni.

Ní ìpínlẹ̀ Mississippi àti Alabama lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, níbi tí wọ́n ti ń sin irú ẹja kan tó jọ ẹja àrọ̀ lọ́pọ̀ yanturu, àwọn iléeṣẹ́ tó ń ra ẹja kì í gba ẹja adágún kankan láì kọ́kọ́ tọ́ ọ wò. Wọ́n ní òṣìṣẹ́ tí iṣẹ́ wọn kò ju ìtọ́wò lọ. Bí ẹja bá ń rùn bí ẹrẹ̀, àgbẹ̀ á gbé e padà sílé, á máa bọ́ ọ lọ títí adùn rẹ̀ fi máa dára. Kò sóhun tó dí olówò Ìkòròdú tàbí ti Èríwé nítòsí Ìjẹ̀bú-Òde lọ́wọ́ láti ṣe irú rẹ̀ nílé. Bó bá ku bí ọ̀sẹ̀ méjì kó kó ẹja lọ sọ́jà, kó mú ẹyọ kan, kó gé apá ìrù rẹ̀, kó sè é nínú ìkòkò tó ní ìdérí láìfi iyọ̀, ata tàbí ẹfínrín sí i, kó sì gbọ́ òórùn rẹ̀ gẹ́lẹ́ tó bá ṣí i. Ata ló máa ń bo àṣírí.

Bó bá rùn, ọ̀nà àbáyọ wà, àmọ́ kì í ṣe ọ̀fẹ́. Wọ́n á kó àwọn ẹja náà lọ sínú táǹkì mìíràn tí omi kànga tó mọ́ ń ṣàn wọ̀, wọ́n á dáwọ́ oúnjẹ dúró, ẹja á sì máa tú òórùn náà jáde fúnra rẹ̀. Ẹja kékeré lè lò tó ọjọ́ mélòó kan, èyí tó tóbi tó sì sanra lè lò ju ọ̀sẹ̀ kan lọ. Láàárín àkókò yìí, ẹja ń fọn, kílò sì ń dín kù. Olówò gbọ́dọ̀ ka ìyẹn mọ́ ìnáwó rẹ̀.

Níbo wá ni oúnjẹ tí algae ń jẹ ti ń wá? Inú àpò oúnjẹ ẹja ni. Ìṣirò rẹ̀ kò le. Àpò kan tó jẹ́ kílò 15, tí wọ́n kọ ìdá 42 nínú 100 purotéènì sí lára, ní purotéènì tó tó kílò 6.3. Nítirójìn sì jẹ́ nǹkan bí ìdá 16 nínú 100 purotéènì, èyí já sí kílò 1. Ẹja kì í sábà tọ́jú ju nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta nítirójìn oúnjẹ rẹ̀ sára. Ìyókù, inú omi ló ń lọ, yálà nípasẹ̀ ìgbẹ́ ẹja, amóníà tó ń jáde lára rẹ̀, tàbí oúnjẹ tí ẹja kò jẹ tó rì sísàlẹ̀. Nítirójìn tó ṣẹ́kù sómi látinú àpò kan yìí tó èyí tó wà nínú kílò mẹ́rin àti ààbọ̀ ajílẹ̀ NPK 15-15-15. Kò sí àgbẹ̀ tó máa da ajílẹ̀ tó tó bẹ́ẹ̀ sílẹ̀ ní gbogbo ọjọ́ méjì mẹ́ta tí yóò wá máa bi ara rẹ̀ pé ta ló gbin koríko. Ẹni tó kọ́ ilé adìẹ sórí adágún kó lè jàǹfààní ìgbẹ́ rẹ̀ tún ń da tirẹ̀ kún un ni.

Nítorí náà, ọwọ́ tó ń da oúnjẹ ni kí olówò kọ́kọ́ kó níjàánu. Èyí tí ẹja lè jẹ tán láàárín ìṣẹ́jú 15 sí 20 ni kó fún wọn. Lọ́jọ́ tí òjò bá ṣú látàárọ̀, tí oòrùn kò yọ, kó dín in kù tàbí kó dá a dúró pátápátá, nítorí pé algae kò rí oòrùn tú ọ́síjìn síta lọ́jọ́ náà. Oúnjẹ tó rì sísàlẹ̀ jẹ́ owó tó sọnù lẹ́ẹ̀mejì: ó sọnù lápò olówò, ó tún lọ bọ́ ọ̀tá.

Bí omi bá ti wá ṣú jù, kí wọ́n da ìdá kan nínú mẹ́rin tàbí ìdá kan nínú mẹ́ta rẹ̀ nù láti ìsàlẹ̀, níbi tí ìdọ̀tí wà, kí wọ́n sì fi omi tuntun rọ́pò rẹ̀. Kí wọ́n tún un ṣe lẹ́yìn ọjọ́ méjì. Kí wọ́n jẹ́ kí omi tuntun náà máa já láti òkè bí òjò, kó lè kó afẹ́fẹ́ wọlé. Omi tí wọ́n dà nù kò gbọ́dọ̀ wọ odò tí ará àdúgbò ń pọn. Ìdí ọ̀gẹ̀dẹ̀ ni kí wọ́n darí rẹ̀ sí. Bí ẹja bá ti ń léfòó ní ìdájí, tí gbogbo wọn ń la ẹnu sókè, ìgbà yẹn kì í ṣe ìgbà ìwádìí. Kí wọ́n dá oúnjẹ dúró, kí wọ́n tan ẹ̀rọ omi, kí ẹnikẹ́ni má sì wọ inú adágún lọ rú ẹrẹ̀ sókè.

Fún táǹkì oníbúlọ́ọ̀kù àti ti tapólíìn, òjìji ni oògùn tó rọrùn jù. Àwọ̀n dúdú tí wọ́n ń ta fún ibojì ewéko, tí wọ́n bá fi bo ìdajì ojú táǹkì, á dín oòrùn tí algae ń rí kù. Imọ̀ ọ̀pẹ náà lè ṣe é, àmọ́ ó máa ń já bọ́ sómi tí yóò sì jẹrà níbẹ̀. Ìkìlọ̀ kan wà níbí: kí wọ́n má bo táǹkì tí omi rẹ̀ ti ṣú kìjikìji pátápátá lẹ́ẹ̀kan náà. Bí gbogbo algae bá kú lọ́jọ́ kan ṣoṣo, jíjẹrà wọn ló máa gba gbogbo ọ́síjìn tó kù.

Àléébù kan náà ló wà lára copper sulphate, tí ọ̀pọ̀ ń rà. Òótọ́ ni pé ó ń pa algae. Àmọ́ ó ń pa ẹja náà nínú omi tí alkalinity rẹ̀ kéré, omi òjò sì wà lára irú omi bẹ́ẹ̀. Ìlànà tí àwọn onímọ̀ ń tẹ̀ lé ni pé kí wọ́n wọn alkalinity omi, kí wọ́n pín in sí ọ̀nà 100. Ohun tó bá jáde ni ìwọ̀n mílígíráàmù copper sulphate tí lítà omi kan lè gbà. Bí alkalinity kò bá tó 50, kí wọ́n má dà á rárá. Bó bá sì jẹ́ cyanobacteria ló wà nínú omi, pípa tí wọ́n pa á ló máa ń tú májèlé inú rẹ̀ síta. Ẹni tí kò ní ohun tó lè fi wọn alkalinity kò ní ohun tó fẹ́ fi copper sulphate ṣe. Kẹrosíìnì, bílíìṣì àti oògùn apakòkòrò, wọn kò tilẹ̀ yẹ ní mímẹ́nu bà.

Àwọn tó ń ta ẹja ọ̀ṣọ́ inú gíláàsì fún ọ́fíìsì àti hòtẹ́ẹ̀lì náà kò bọ́ nínú ọ̀rọ̀ yìí, yálà omi iyọ̀ ni wọ́n ń lò tàbí omi lásán. Eruku àwọ̀ ilẹ̀ tó máa ń bo gíláàsì tuntun láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀ àkọ́kọ́ sábà máa ń lọ fúnra rẹ̀, kò yẹ kí wọ́n torí ẹ̀ da omi nù. Èyí tó bá wá lẹ́yìn ìyẹn, iná tó ń tàn ju bí wákàtí mẹ́jọ lọ lóòjọ́ àti ọwọ́ oníbàárà tó ń bu oúnjẹ púpọ̀ jù ló sábà ń fà á. Gbígbé gíláàsì síbi tí oòrùn ojú fèrèsé ti ń ta sí i tún ń dá kún un.

Ẹni tí ọ̀rọ̀ bá ṣì rú lójú lẹ́yìn ìdánwò igi àti ìgò lè gbé omi náà lọ sí ẹ̀ka tó ń rí sí ọ̀sìn ẹja ní Yunifásítì Ìbàdàn tàbí ní Yunifásítì Ìjọba Àpapọ̀ fún Ètò Ọ̀gbìn tó wà l'Ábẹ́òkúta. Láàárọ̀ ni kó bu omi náà, láti ojú omi àti láti ìsàlẹ̀, sínú ìgò méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ tí kò kún dẹ́nu. Kó kọ ọjọ́ àti wákàtí sí wọn lára, kó fi ọ̀rá dúdú wé wọn, kó kó wọn sínú kúlà tó ní yìnyín, kó sì rí i pé wọ́n dé ibẹ̀ lọ́jọ́ náà gan-an. Kó mú ìwé tó kọ ìwọ̀n oúnjẹ ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn sí dání, nítorí pé òun ni wọ́n máa kọ́kọ́ béèrè.